Ìràwọ̀ Kan Ṣoṣo Lọ́rùn Ẹ̀wù Bàbá Mori

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa yàn láàyò, wọ́n ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ télọ̀ tí mo ṣe láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n mi títí dìgbà tí ojú mi kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ilé ọmọ mi ní Copperfield ni mò ń gbé, ní Calgary níbí, iṣẹ́ tó kù fún mi kò ju kí n máa bá àwọn ọmọ-ọmọ mi rán bọ́tìnnì tó já. Ṣùgbọ́n kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa bínú sí mi tó bá yá: bó bá jẹ́ àgbàlagbà tí gbogbo nǹkan yé lẹ ń wá, ẹ ti ṣìlé. Iṣẹ́ yìí dà mí lórí rú ju bó ṣe là mí lójú lọ, ibi tó sì ti dà mí lórí rú jù ni ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ àwọn ṣọ́jà Jàpáànù. Ẹ fara balẹ̀, a máa débẹ̀.

Mókọ́lá n'Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Làmídì. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí bárékè, àwọn ṣọ́jà sì ni oníbàárà wa. Bí yunifọ́ọ̀mù wọn bá tóbi, àwa la máa ń bá wọn fún un mọ́ra. Bí wọ́n bá gbé ẹnìkan ga níbi iṣẹ́, àwa la máa rán okùn sí i lápá. Okùn kan, okùn méjì, okùn mẹ́ta: bí okùn bá ṣe pọ̀ tó ni ẹni náà ṣe ga tó. Ẹni tó bá ti kọjá okùn ló ń lo ìràwọ̀ léjìká. Ìràwọ̀ kan ti di ọ̀fíísà. Ìràwọ̀ mẹ́ta ti di kápútéènì, ẹni tí wọ́n ń kan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ fún. Kò sí ohun tó ta kókó níbẹ̀, èmi náà sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ṣọ́jà ayé ṣe ń ṣe é.

Ọ̀gá Làmídì kì í rẹ́rìn-ín. Bí o bá rán okùn tán, ó máa fi ìka méjì di etí rẹ̀ mú, ó máa fi gbogbo agbára fà á. Bí òwú kan péré bá já, wàá tú gbogbo rẹ̀, wàá sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, bí oníbàárà tilẹ̀ dúró tì ọ́ tó ń pòṣé. Ọjọ́ kan wà tí mo ń tú okùn kan náà ṣáá títí omi fi bọ́ lójú mi sórí aṣọ. Ṣé ẹ rò pé ó ṣàánú mi? Ó ní kí n lọ fọ aṣọ náà, pé mo ti fi ẹkún bà á jẹ́. Ó wá sọ fún mi pé, "Ganiyu, wọ́n lè gba ipò lọ́wọ́ èèyàn, ìyẹn kò kàn wá. Àmọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ òwú tìrẹ ló máa bọ́ ọ lára rẹ̀."

Ohun kejì tó máa ń sọ ni pé kí n wo ojú èèyàn kí n tó gbé aṣọ lé e lọ́rùn. Ó ní aṣọ tí kò bá bá ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ mu, télọ̀ ló jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni mo gbé lọ́wọ́ jáde nígbà tí mo gba fìrídọ́ọ̀mù. Mo fi wọ́n dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀, mo fi wọ́n tọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ń pe èmi náà ní ọ̀gá. N kò mọ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló máa kó mi sí wàhálà lórí snow.

Sikiru ọmọ mi ló mú èmi àti ìyá rẹ̀ wá síbí. Ó ti di engineer nílé iṣẹ́ epo nígbà náà, orí wa sì wú. Èmi kò lè jókòó lásán, mo bá wá iṣẹ́, mo sì rí i ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Forest Lawn tí wọ́n ti ń rán aṣọ eré àti aṣọ fíìmù. Doug ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, ọkùnrin kan tó ń fi gbogbo ìgbà mu kọfí. Ẹni tó ń darí wa ni Kelsey, ọmọbìnrin kan tí àbígbẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà jù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó pè mí ní Gani, mo bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ló ń pè. Èmi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń dọ̀bálẹ̀ kí láàárọ̀! Àmọ́ kò sí àrífín nínú rẹ̀. Doug gan-an, Doug ló ń pè é.

Àwọn ẹ̀rọ wọn tún kó mi lọ́kàn sókè. Ọlọ́wọ́ ni mo fi kọ́ṣẹ́, èyí tí èèyàn ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí tó ń fi tòsì darí aṣọ. Lẹ́yìn náà la ra ẹlẹ́sẹ̀, áyọ́ọ̀nù eléèédú wa sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń ta iná sí wa lára. Ní Forest Lawn, ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé wọ́n máa fi àwòrán hàn án lójú kọ̀ǹpútà, òun náà á sì rán òdòdó, á rán ẹyẹ, á gé òwú fúnra rẹ̀, kò sì ní bèèrè omi mímu. Mo máa ń jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò ẹ̀wà. Mo bi Kelsey léèrè pé kí wá ni iṣẹ́ tèmi. Ó ní bí òwú bá já, kí n pe òun.

Ibi tí a bá ayé dé nìyẹn tí owó epo fi já wálẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí nígbà náà mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ́fíìsì gíga tó wà ní downtown bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo, àwọn èèyàn wa tí wọ́n ti ń fi mọ́tò ńlá gbé ọmọ lọ sí daycare bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn pàdé níbi tí bus ti ń dúró. Wọ́n dá Sikiru náà dúró. Rọ̀fíat ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò tíì lè padà síbi iṣẹ́. Ohun tó ń wọlé fún mi ní ṣọ́ọ̀bù Doug ló wá di ọ̀pá tó gbé ilé ró. Bí Doug bá ti ilẹ̀kùn, ilé Copperfield ti bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn, a ò sì mọ ibi tá a máa gba.

Sikiru kó sínú basement. Bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́ tí mo bèèrè rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àgbà obìnrin á ní, "Grandpa, Daddy is sleeping again." Inú mi a máa bàjẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá a wá iṣẹ́ kan sí ọsibítù ní Seton, iṣẹ́ kí wọ́n máa ti àwọn aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì láti yàrá kan sí òmíì. Wọ́n ti gbà á, wọ́n ti fún un ní yunifọ́ọ̀mù pàápàá. Èmi ni mo kọ̀. Mo fi ìbínú sọ ọ́ pé, "Engineer ni mo bí. Bó o bá máa wọ nǹkan yẹn, má jẹ́ kí n rí ọ nínú rẹ̀." Ó wò mí, ó ká aṣọ náà padà sínú nylon rẹ̀. Mo rò pé iyì rẹ̀ ni mò ń gbèjà.

Àsìkò yẹn gan-an làwọn oní-fíìmù dé. Ìtàn àwọn ṣọ́jà Jàpáànù ayé ìgbà ogun ni wọ́n fẹ́ yà, níbi tí snow ti bo gbogbo ilẹ̀ ní ìhà àríwá China, wọ́n sì ní pápá tó wà lẹ́yìn ìlú wa jọ ibẹ̀ gan-an. Àwa la máa rán aṣọ wọn. Doug kó wa jọ, ó ní bí iṣẹ́ yìí bá yọrí sí rere, iṣẹ́ mìíràn á tẹ̀ lé e. Bí ó bá bàjẹ́, òun máa ti ilẹ̀kùn. Ó gbàgbé láti mu kọfí ọwọ́ rẹ̀. Ọkàn èmi náà kò balẹ̀ mọ́ látọjọ́ yẹn.

Kelsey lẹ àwòrán ńlá kan mọ́ ògiri. Àwọn pátákó aṣọ pupa kéékèèké ló wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń rán mọ́ kọ́là, ìràwọ̀ sì wà lára wọn. Ó ní kí n fọkàn sí i. Ó fọwọ́ kan ìkínní: ìràwọ̀ kan, ṣọ́jà tó kéré jù. Mo ní rárá, ọ̀fíísà nìyẹn. Ó ní kì í ṣe ti Jàpáànù. Ìràwọ̀ méjì, ṣọ́jà lásán. Ìràwọ̀ mẹ́ta, ṣọ́jà lásán tó ti pẹ́ díẹ̀.

Mo ní, "Ìràwọ̀ mẹ́ta, kápútéènì ńkọ́?"

Ó ní, "Kápútéènì náà ń lo mẹ́ta. Àmọ́ tirẹ̀ ní góòlù létí, ó sì ní ìlà góòlù kan láàárín."

"Èyí tó ní mẹ́ta àti ìlà, tí kò ní góòlù létí ńkọ́?"

"Sájẹ́ǹtì àgbà nìyẹn."

"Èyí tó ní mẹ́ta pẹ̀lú ìlà méjì?"

"Kọ́nẹ́ẹ̀lì."

Mo fọwọ́ kan èyí tó jẹ́ góòlù látòkè délẹ̀, òun náà ní ìràwọ̀ mẹ́ta. Ó ní jẹ́nẹ́rà àgbà ni. Mo jókòó. Ìràwọ̀ mẹ́ta, ṣọ́jà lásán. Ìràwọ̀ mẹ́ta, jẹ́nẹ́rà! Irú ìlú wo lẹ̀ ń pè ní èyí? Mo ní kó tún un ṣe fún mi. Ó tún un ṣe, ó sì tún burú sí i.

Àwọn òṣèré wá wọn aṣọ. Bàbá arúgbó kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Mori. Jàpáànù ni wọ́n bí i sí, ó dé Calgary nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó tún mọ́tò ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bó ṣe wọlé, mo tẹrí ba fún un. Òun náà tẹrí ba fún mi. Mo ní kò ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló máa tẹ̀ jù mí, mo tún tẹ̀ sí i, òun náà tẹ̀ sí i, a fẹ́rẹ̀ẹ́ forí kan ilẹ̀. Kelsey ń rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí ara mi ti balẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ yìí.

Ẹni tó tẹ̀ lé e wọlé ni Kenji, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Calgary, tó ń lọ sí yunifásítì. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ nǹkan orin wà létí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà ní àpò. Kelsey ní Bàbá Mori ni ìràwọ̀ kan, Kenji ni ìràwọ̀ mẹ́ta. Ó ní nínú fíìmù náà, Kenji máa gbá bàbá létí lójú gbogbo àwọn ṣọ́jà tó kù.

Mo ní, "Ta ló máa gbá ta?"

Ó ṣàlàyé. Ó ní nígbà tí ogun yẹn ń lọ sópin, wọ́n ti kó àwọn ọ̀dọ́ tán, wọ́n wá ń kó àwọn bàbá ọlọ́mọ nílé. Àwọn bàbá wọ̀nyí ló kéré jù, ọmọdé tó bá ti ṣáájú wọn wọṣẹ́ ṣọ́jà lè nà wọ́n bó ṣe wù ú.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Sikiru gòkè wá láti basement, ó gbọ́ ọ, ó ní, "Daddy, ẹ relax. It's just costume. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, ẹ rán an fún wọn bẹ́ẹ̀." Ìyá rẹ̀ tó ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́ ní kí ló wá ṣe èmi gan-an. Ó ní, "Ṣebí mo dàgbà ju ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín lọ? Òun ló kọ́kọ́ wọlé, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i títí dòní. Ẹni tó bá ṣáájú wọlé ló ṣáájú." Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ yé mi lójú ẹsẹ̀, ó tún sá mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní, "Àmọ́ òun kò gbá ẹ létí." Ó ní kí n fi òun sílẹ̀ kí òun ṣẹ́ ẹ̀fọ́.

Ó dọjọ́ tí a máa rán àwọn ìràwọ̀ náà. Kelsey ní bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ra ni kí n fi lẹ̀ wọ́n, kó lè rọrùn láti yọ, ó sì jáde lọ bá àwọn oní-fíìmù. Ẹ̀wù Bàbá Mori wà níwájú mi, ti Kenji wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rántí ojú bàbá náà. Ojú yẹn kò gba ìràwọ̀ kan. Mo wá bá ara mi sọ̀rọ̀ pé, ṣebí ṣọ́jà lásán ni àwọn méjèèjì? Kí ló wá burú nínú kí àgbà gba mẹ́ta, kí ọmọdé gba kan? Bóyá Kelsey ló tilẹ̀ ka àwòrán rẹ̀ sódì. Bí mo ṣe pààrọ̀ wọn nìyẹn. N kò sì fi bọ́tìnnì kankan lẹ̀ wọ́n. Abẹ́rẹ́ ni mo fi rán wọn, bí Ọ̀gá Làmídì ṣe kọ́ mi, mo fi ìka méjì fà wọ́n, wọn kò mira.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa yà á, gbogbo wa lọ sí pápá. Òtútù yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n rántí rẹ̀. Àwọn ṣọ́jà tò sórí snow, wọ́n gbé kámẹ́rà kalẹ̀, oòrùn tó kù lójú ọ̀run kò pọ̀. Kenji bọ́ síwájú Bàbá Mori, ó gbọ́wọ́ sókè. Kelsey figbe ta. Olùdarí fíìmù dá wọn dúró, ó wo kọ́là Kenji, ó wo ti bàbá, ó bèèrè bí ìràwọ̀ kan ṣe lè máa na ìràwọ̀ mẹ́ta. Kelsey sáré débẹ̀ kó yọ wọ́n. Ó fà á, kò wá. Ó tún fà á.

"Gani, kí lo fi lẹ̀ ẹ́?"

Doug rìn wá bá mi, ó rọra sọ̀rọ̀, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Ó ní ẹ̀wù kan ṣoṣo la rán fún bàbá náà. Ó ní bó bá fi lè ya, kí àwa méjèèjì jọ máa lọ sílé. Mo rí ilé Copperfield níwájú mi kedere, pẹ̀lú ọmọ tuntun nínú rẹ̀.

Wọ́n ní kí n lọ tú u nínú mọ́tò tí àwọn òṣèré ti ń yáná. Bàbá Mori jókòó, kò bọ́ ẹ̀wù náà, ó ní òtútù ń mú òun. Mo fi ìka tí òtútù ti pa mú abẹ lọ sí ọrùn rẹ̀ báyìí, mo ń gé òwú tèmi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní mo fẹ́ bọ̀wọ̀ fún un ni, pé nílẹ̀ wa, a kì í fi ọmọdé ṣe olórí irú rẹ̀.

Ó gbọ́ mi tán. Ó wá ní, "Ìràwọ̀ kan ni bàbá mi wọ̀."

Mo dá ọwọ́ dúró.

Ó ní ọmọ ọwọ́ ni òun nígbà tí wọ́n wá mú bàbá òun. Ó ti dàgbà, ó ti ní ọmọ mélòó kan, tíṣà ni. Kò padà wálé. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù, ìràwọ̀ kan sì wà lọ́rùn rẹ̀ níbẹ̀. Ẹnìkan tí wọ́n jọ wà lójú ogun tó padà wá ló sọ fún ìyá òun pé àwọn ọmọ tó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló ń gbá a létí lójoojúmọ́.

Mo ní, "Ṣé kò wá dùn yín kí ọmọ yẹn gbá yín létí bẹ́ẹ̀?"

Ó ní, "Ó dùn mí. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn." Ó fọwọ́ kan ìràwọ̀ mẹ́ta tó kù lápá kejì kọ́là rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "O fún mi ní ohun tí wọn kò fún bàbá mi. Mo dúpẹ́. Ó yá, yọ ọ́ kúrò."

Mo yọ ọ́. Kò ya. Mo lẹ ìràwọ̀ kan mọ́ ọn lọ́rùn, omi ń bọ́ lójú mi, kò sì sí Ọ̀gá Làmídì níbẹ̀ tó máa ní kí n lọ fọ aṣọ. Mo tún ti Kenji náà ṣe. Nígbà tí wọ́n padà sórí snow, Kenji gbọ́wọ́ sókè, kò lè gbá a. Bàbá ló sọ̀rọ̀ sí i létí, bóyá ó ní kó má bẹ̀rù, n kò gbọ́. Kenji gbá a. Mo wo ilẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, bàbá náà dúró ṣánṣán, ìràwọ̀ kan rẹ̀ lọ́rùn, bí ẹni tó ti rí ohun tó ń wá.

Iṣẹ́ Doug kò bàjẹ́. Olùdarí fíìmù fẹ́ràn ohun tó yà, iṣẹ́ mìíràn sì wọlé, ibẹ̀ náà ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ máa bi mí pé kí ni mo rí kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, n kò mọ̀. Bí ẹ bá lẹ àwòrán yẹn mọ́ ògiri lónìí, màá tún ṣì í. Ìgbà mìíràn, mo máa ń rò pé mo fi ìràwọ̀ mẹ́ta bọ̀wọ̀ fún un. Ìgbà mìíràn, mo máa ń rò pé bàbá rẹ̀ ni mo fẹ́ rán mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má rí i.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo délé lọ́jọ́ yẹn, basement ni mo lọ tààrà. Sikiru dìde jókòó. Mo ní kó gbé nylon Seton yẹn wá. Ó rò pé mo fẹ́ sọ ọ́ nù, ó ní, "Daddy, I already told them I'm thinking about it, ẹ má bínú." Mo ní kó wọ̀ ọ́. Ó wọ̀ ọ́. Ṣòkòtò náà gùn jù, ó ń wọ́ nílẹ̀, irú aṣọ tí télọ̀ kò tíì wo ojú ẹni tó ni ín. Mo kó píìnì sẹ́nu, mo kúnlẹ̀ síwájú ọmọ mi.

Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó fẹ́ fà mí dìde. "Daddy, ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́!"

Mo ní, "Dúró jẹ́ẹ́. Mò ń wọn ẹsẹ̀ ṣòkòtò."

Ó dúró. Mo gbọ́ tó ń fa imú lókè orí mi, n kò wò ó. Mo ṣẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì kúrú, mo rán an, mo lọ̀ ọ́. Ó ku pátákó kékeré tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, tí wọ́n ní kí wọ́n rán mọ́ àyà. Mo fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ rán an léréfèé, abẹ́rẹ́ díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, òun nìkan ni mo rán bẹ́ẹ̀, kó lè rọrùn láti tú lọ́jọ́ tí kò bá nílò rẹ̀ mọ́.